Ẹ Kú Oríire, Ẹ̀yin Ará Ọgbà Peckham

Ogún ọdún pé tí ẹ ti ń tu èpò lẹ́yìn àwọn ilé kánsù wa ní Peckham, ẹ kò sì fi jíjẹ mímu nìkan ṣe ayẹyẹ rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ lùlù, ẹ tún adágún omi ṣe, ẹ sì ṣiṣẹ́ ìdìbò. Láti Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2024, títí di Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 6 oṣù keje, ẹni tó bá wá yín délé kò bá yín. Bí ẹ kò bá sí lọ́gbà, ẹ wà ní ibùdó ìdìbò. Ẹni tó sọ pé ẹ ṣe wàhálà kò purọ́, ẹni tó sì sọ pé ẹ jayé náà kò purọ́.

Ìdí wà tí inú mi fi dùn tó báyìí. Àwa Yorùbá tí a wà ní London, gbólóhùn kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu wa: "Èmi ò ní pẹ́ lọ sílé." Ẹni tó dé lánàá ń sọ ọ́. Ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún níbí, tó ti ń mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ ra iṣu àti ata rodo ní Rye Lane, òun náà ń sọ ọ́. A kọ́lé sí Ìbàdàn, a kọ́lé sí Ìkòròdú, a wá ń gbé inú èyí tí a wà bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Mi ò bú ẹnikẹ́ni o. Èmi náà wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ náà, ẹ̀yin ará ọgbà fi iṣẹ́ ọwọ́ yín dáhùn ọ̀rọ̀ náà. Àtìpó kì í tún omi ṣe níbi tó wọ̀ sí. Àtìpó kì í jí láago mẹ́rin ìdájí kó lọ tẹ́ tábìlì de olùdìbò. Onílé ní í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìlù lẹ fi bẹ̀rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn tí àwọn ìjọ ti tú. Onílù kì í wọ́n wa ní àdúgbò yìí. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 ka ìjọ àwa aláwọ̀ dúdú tó tó 240 ní agbègbè Southwark nìkan, ẹni tó bá sì gba Old Kent Road kọjá láàárọ̀ Ọjọ́ Àìkú yóò fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ní onílù tirẹ̀, onílù kọ̀ọ̀kan ló sì gbà pé òun lọ̀gá. Kí onílù Sẹ̀lẹ́ àti onílù Kérúbù jókòó sábẹ́ igi kan náà, kí ìyá ará Trinidad tó ń lu agbada irin dá sí i, kí bàbá òyìnbó tó ń fọn fèrè idẹ, tó ti wà ládùúgbò yìí kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé, tún bá wọn gbé e, ìyẹn ló le. Ẹ ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gángan ń sọ tirẹ̀, fèrè ń sọ tirẹ̀, mo tiẹ̀ rí ọmọ kékeré kan tó fọwọ́ di etí. Nígbà tó yá, bàbá onífèrè gbé fèrè kalẹ̀, ó tẹ́tí sí ìyá ìlù dáadáa, ó sì wá ibi tí ohùn tirẹ̀ lè gbà wọlé. Láti ìgbà náà ni ijó ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá, ẹ kú sùúrù!

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ọlọ́pàá yóò wá béèrè ìwé àṣẹ. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Láti ìgbà tí òfin orin tí wọ́n ṣe ní 2012 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orin tí a kò fi ẹ̀rọ gbé ohùn rẹ̀ ga kò nílò ìwé àṣẹ kankan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mọ́kànlá alẹ́. Ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbé gbohùngbohùn kankan wá. Mo fẹ́ràn ẹgbẹ́ tó bá ń ka òfin kó tó lùlù.

Ọmọ Yorùbá sì ti ń lùlù ní gbangba London tipẹ́. Lọ́jọ́ 8 oṣù karùn-ún ọdún 1945, lọ́jọ́ tí ogun Hitler parí ní Yúróòpù, Ambrose Campbell, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1919, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé gìtá àti ìlù wọ ìgboro Piccadilly, wọ́n ń ṣeré láàárín èrò tó ń yọ̀. Àwọn ló di West African Rhythm Brothers, tí Soho fi orin wọn jó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́jọ́ 5 oṣù keje 1969, Ginger Johnson, onílù ọmọ Nàìjíríà, kó àwọn onílù rẹ̀ bá ẹgbẹ́ olórin Rolling Stones gun orí ìtàgé ní Hyde Park, níwájú èrò rẹpẹtẹ. Ẹ̀yin kò ní èrò tó bẹ́ẹ̀. Èrò tí ẹ ní náà tún dín kù nígbà tí aago márùn-ún lù, torí England ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Slovakia ní Jámánì, nínú ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù. Àga òfìfo pọ̀ lọ́gbà. Àfi lójijì tí Jude Bellingham ta bọ́ọ̀lù sẹ́yìn sínú àwọ̀n nígbà tí eré fẹ́ parí, igbe tó ti ojú fèrèsé gbogbo ilé jáde bo ìlù mọ́lẹ̀. Onígángan kò bínú. Ó kàn fi ìlù dá wọn lóhùn ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí adágún omi, torí ibẹ̀ ni mo fẹ́ fi gbogbo ẹnu kí yín lé lórí.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú lomi náà ti ń fà, nígbà tí ooru kọjá ìwọ̀n 30 ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ní oòrùn ló ń fa omi. Lóòótọ́ loòrùn ń fa omi, ṣùgbọ́n oòrùn kì í ràn lóru, bẹ́ẹ̀ sì ni lójoojúmọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́, omi á tún ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe wà lálẹ́ lọ. Àwọn mìíràn ti ń sọ pé kí a pe kọngílá, kí a san owó. Ìgbà yẹn ni bàbá tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Fọkanáísà dìde. Bàbá, iṣẹ́ táyà lẹ ṣe ní Mushin kí ẹ tó dé ìlú yìí, ẹ sì ti fi í sílẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bọ́ọ̀sì. Bàbá, ẹ rántí bí ẹ ṣe sọ ọ́? "Ẹ má da omi sí i mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa jò. Ibi tó bá fúnra rẹ̀ dúró sí, ìpele yẹn ni ihò wà." Kò sí ẹ̀rọ kankan, kò sí kọngílá. Ní Mushin, rọ́bà inú táyà lẹ máa ń rì sínú omi kí ẹ lè rí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ. Níbí, ẹ jókòó ti omi kí ẹ lè rí ibi tó ń gbà sá lọ. Nígbà tó fi di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, omi dúró. Bàbá fi ọwọ́ tọ ẹ̀gbẹ́ rọ́bà dúdú tí wọ́n tẹ́ sídìí rẹ̀ yí po, wọ́n sì bá ihò méjì níbi tí gbòǹgbò òdòdó etí omi ti gún un. Àwọn ọmọdé ti kọ́kọ́ dá kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́bi, èyí tó máa ń wá mumi lóru. Ìwé ẹ̀sùn ti wọlé, ẹ wá wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ohun tó wú mi lórí ni pé ẹ kò gbọ́n omi náà gbẹ pátápátá. Ìgbà ìwọ́wé ló dára jù láti gbẹ́ irú omi bẹ́ẹ̀ kanlẹ̀, nítorí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilé ọlọ́mọ ni. Ọmọ àkèré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ẹsẹ̀ wà nínú rẹ̀, àwọn lámilámi náà kò sì tíì bọ́ awọ wọn tán. Ẹ̀dá kan tún wà tó jọ alángbá, tó ń gbé inú omi, tó ní ògbe lẹ́yìn: òfin ilẹ̀ yìí dáàbò bo òun àti ibùgbé rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ dà á láàmú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàwé àṣẹ. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìbátan rẹ̀ kékeré tí kò ní ògbe lẹ bá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ló rí i, kì í ṣe àwa àgbà, nítorí àwọn ọmọdé nìkan ni ìka wọn lè rọra gba abẹ́ ewé òṣíbàtà láìfà á ya. Èpò tí ẹ kó kúrò lójú omi, ẹ kò sọ ọ́ nù lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi í sí bèbè di ọjọ́ kejì kí àwọn kòkòrò inú rẹ̀ lè wọ́ padà sílé. Ìyá kan rí ọ̀pọ̀lọ́ tó ń fò kọjá lọ́sàn-án gangan, wọ́n ní, "Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán o, ìyẹn ti gbọ́ pé wọ́n ń tún ilé rẹ̀ ṣe." A rẹ́rìn-ín títí.

Lílẹ̀ rẹ̀ ló gba sùúrù. Ẹ kọ́kọ́ fọ ojú ihò náà mọ́, ẹ nù ún, ẹ sì dúró kó gbẹ. Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú. Wọ́n fi oje amúlẹ̀mọ́ pa á, wọ́n gé rọ́bà tuntun ní róbótó, wọ́n ní tó bá ní igun, igun yẹn ni yóò kọ́kọ́ ṣí. Lẹ́yìn tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n fi ìgò yí i mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ kankan má ṣe kù sábẹ́ rẹ̀. Omi ẹ̀rọ ní kẹ́míkà apakòkòrò nínú, kò sì yẹ ká rọ́ ọ lé àkèré lórí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà lẹ ṣe lọ ilé dé ilé tọrọ omi òjò tí àwọn ènìyàn gbè sínú àgbá. Ẹni tí kò bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí gbé garawa méjì wá. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, omi kún dé etí, ẹ to òkúta sí apá kan kí òòrẹ̀ kékeré ilẹ̀ òyìnbó tó bá já sínú rẹ̀ lè rí ibi gùn jáde. Bàbá Fọkanáísà, ẹ kú iṣẹ́. Ọwọ́ yín kò gbàgbé.

Ọjọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 4 oṣù keje, ni ìdìbò gbogbogbòò. Àwọn mẹ́rin nínú yín ló gba iṣẹ́ akọ̀wé ibùdó ìdìbò. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún ẹni tí kò mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ilẹ̀kùn yóò ṣí láago méje àárọ̀, yóò sì tì láago mẹ́wàá alẹ́. Òṣìṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ dé kó tó tó aago mẹ́fà ààbọ̀, kò sì ní lọ sílé jẹun, bẹ́ẹ̀ ni kò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọn yóò ṣí àpótí ìdìbò kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ rí i pé òfìfo ni, wọn yóò sì fi èdìdì dì í. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣòfin ìdìbò ìkọ̀kọ̀ ní 1872, bí ẹnì kan ṣe dìbò kò kan ẹlòmíràn. Òṣìṣẹ́ tó bá sì tú àṣírí bẹ́ẹ̀ rú òfin. Ẹni tó bá ti bá olùdíje kankan polongo kò lè ṣiṣẹ́ nínú ibùdó. Àwọn tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ òṣèlú láàárín yín dúró síta pẹ̀lú ọ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ wọn láyà, wọ́n ń kọ nọ́ńbà olùdìbò sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ará ọgbà kan wà nínú, òmíràn wà níta, ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì pín àwọn tó wà níta mọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú, gbogbo wọn ló jọ gbé omi òjò.

Èyí ni ìdìbò gbogbogbòò àkọ́kọ́ tí olùdìbò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti fi káàdì tó ní àwòrán hàn kó tó gba ìwé ìdìbò. Mo mọ àwọn àgbà tí wọ́n bẹ̀rù rẹ̀, tí wọ́n rò pé wọn kò ní ohun tí wọn yóò fi hàn. Káàdì bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tó wà lápò wọn tó. Ìwé ìrìnnà tó ti kọjá àsìkò rẹ̀ náà tó, bí ojú ẹni bá ṣì jọ àwòrán inú rẹ̀. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà tó pẹ̀lú, torí òfin gba ti gbogbo orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́lù. Ẹ ti ń lọ sọ èyí láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà kí ọjọ́ tó pé, ẹ kú àlàyé. Ẹni tó bá sì ti wà lórí ìlà nígbà tí aago mẹ́wàá alẹ́ bá lù, wọn kò gbọ́dọ̀ lé e. Yóò dìbò tirẹ̀.

Nígbà tí èsì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, láti Houghton and Sunderland South tó kọ́kọ́ kéde láago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ ti tú àwọn bàtà yín, ẹ na ẹsẹ̀ sórí àga. Ẹgbẹ́ Labour kó àga 411, Keir Starmer sì di olórí ìjọba lọ́jọ́ kejì. Ní Peckham tiwa, Harriet Harman, tó ti ń ṣojú àdúgbò yìí láti 1982, fẹ̀yìn tì, Miatta Fahnbulleh, tí wọ́n bí ní Liberia, gba ipò náà. Ṣùgbọ́n orúkọ tó mú wa pariwo ni àwọn orúkọ ilé. Taiwo Owatemi, apòògùn, wọlé padà ní Coventry North West. Bayo Alaba, tó ti jẹ́ sójà apárásúùtù, wọlé ní Southend East and Rochford, ní ìlú tí Labour kò rí aṣòfin kankan mú níbẹ̀ rí ṣáájú ìgbà náà. Josh Babarinde ti Liberal Democrats gba Eastbourne tí wọ́n ti bí i. Kemi Badenoch ti Conservative di North West Essex mú. Ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́ta, ilé kan náà. Ẹ kú oríire, gbogbo yín! Èyí tí kò bá yín mu nínú òṣèlú wọn, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà ìdìbò mìíràn. Lónìí, ìkíni ni.

Àwọn kan wà tó yẹ kí a kí bí wọn kò tilẹ̀ sí mọ́. Ní ọdún 1924, Ládìípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, sọ èdè Yorùbá lórí rédíò ní London. Ọdún tó tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ 7 oṣù kẹjọ 1925, òun àti dókítà Herbert Bankole-Bright dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a mọ̀ sí WASU sílẹ̀. Onílé London kì í fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú nígbà náà. Ṣólàńkẹ́ rìnrìn àjò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti tọrọ owó, wọ́n sì ṣí ilé tiwọn ní Camden ní 1933. Ẹ̀kọ́ ni Ṣólàńkẹ́ wá kọ́. London ló kú sí ní 1958. Ní ọdún 2025 ni WASU pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó yẹ kí ọgbà yìí lùlù fún wọn.

Bí ẹ sì ṣe parí ọ̀sẹ̀ yín, ẹlẹ́dàá tún fi iyọ̀ sí i. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí àsun àti jọ̀lọ́ọ̀fù ti tán nínú abọ́, Switzerland gbá bọ́ọ̀lù wọlé England, ojú gbogbo ènìyàn sì ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bukayo Saka, ọmọ wa, gba ọ̀tún wá, ó gé e wọ inú, ó fi ẹsẹ̀ òsì ta á sí igun àwọ̀n. Nígbà tó di pẹnáritì, òun náà jáde, òun tí wọ́n fi pẹnáritì tó tàsé ní Wembley ní 2021 sọ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí. Ó gbá a wọlé, England sì borí ní 5 sí 3. Mo rí bàbá onífèrè tó di mọ́ Bàbá Fọkanáísà, tí àwọn méjèèjì ń fò létí omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣe jẹ́jẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló dùn mí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi. Ọ̀dọ́bìnrin kan bá yín gbé òkúta, akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ilé-Ifẹ̀ dé. A bi í bóyá ó ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní físà akẹ́kọ̀ọ́ ni òun ní, ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni. Kò mọ̀ pé ọmọ orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́lù tó ń gbé níbí pẹ̀lú físà tó tọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, bó ti wù kí físà rẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni ìforúkọsílẹ̀ ti tì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ ti pé ọdún 18, ẹ má jẹ́ kó ṣe yín bẹ́ẹ̀. Ìdìbò mìíràn yóò tún wá. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí. Kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní béèrè ìwé ìrìnnà ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ yín. Aláwọ̀ ewé tí ẹ gbé ti ilé wá tó.